ÌYÀWÓ ILÉ ÀTI OYÈ KEJÌ NÍNÚ SÁYẸ́ǸSÌ: ÈSÌ SÍ WÁÀSÍ KAN NÍ OǸDÓ



 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ kan wà ní ọ̀nà ọ̀fun mi tí n kò lè gbé mì. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ọdún 2024, a pé jọ síbi ayẹyẹ yìgì kan ní ìlú Oǹdó. Nígbà tí ó di àsìkò wáàsí, àáfà tí wọ́n pè láti gba tọkọtaya náà ní ìyànjú dìde. Ohùn rẹ̀ dùn, kéwú rẹ̀ sì já gaara. Ó sọ̀rọ̀ lórí sùúrù, ó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọkọ lára aya, gbogbo wa ń ké Alláhù Àkíbárù. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí ìyàwó tuntun. Ó ní òun gbọ́ pé ó ti gba lẹ́tà ìgbàwọlé láti lọ ka Másításì nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Àkúrẹ́. Ó ní kí ó ká lẹ́tà náà pọ̀, kí ó fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ó ní dígírì kan ti tó obìnrin. Èkejì, ìgbéraga ni. Ẹ̀kẹta, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ni. Ó ní ìmọ̀ tí Ànábì sọ di ọ̀ranyàn lórí wa kì í ṣe ti àwọn tí ń fi awò wo kòkòrò. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyàwó tuntun náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ orí ba, ó ń fi ìka yí etí ìbòrí rẹ̀.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí yóò bá àáfà jiyàn ní gbangba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ̀rín náà kò tíì tán ní ẹnu mi tí mo fi rántí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ ní gbólóhùn kan, fún ìyá àwọn ọmọ mi nínú yàrá wa. Èmi tí mo gba oyè Másításì ní ọdún 2023 ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ní ìsinmi nínú ara mi, òun ni ó sì mú mi gbé gègé.

ṢÉ ÌMỌ̀ KÒKÒRÒ KÌ Í ṢE ÌMỌ̀ NI?

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ àáfà láti ẹ̀yìn wá. Ó ní sáyẹ́ǹsì kò sí nínú ìmọ̀ tí ẹ̀sìn pa láṣẹ. Ta ni ó sọ fún un? Ìmáàmù al-Ghazali, ẹni tí ó kú ní ọdún 1111, kì í ṣe ọmọ yunifásítì òyìnbó. Síbẹ̀, nínú Ihya Ulum al-Din, níbi tí ó ti ṣe àlàyé lórí ìmọ̀, ó ka ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ ìṣirò mọ́ fard kifaya, èyíinì ni ọ̀ranyàn tí ó wà lọ́rùn gbogbo ìlú: bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù, bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo ìlú ni ó jẹ̀bi. Ó tilẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ènìyàn ìgbà rẹ̀ pé wọ́n ń wọ́ tìrìtìrì lọ kọ́ àríyànjiyàn nínú ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ìlú, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan ni oníṣègùn tí ó kù. Ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ọdún tí ó ti sọ ọ́. Ẹ wo Oǹdó, ẹ wo Àkúrẹ́, kí ẹ sọ fún mi bóyá ọ̀rọ̀ náà ti gbó.

Kí ni àwọn tí ń fi awò wo kòkòrò ń wá? Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó wà ní àyíká wa dáhùn. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno, ti sọ ìpínlẹ̀ Oǹdó di ilé rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ìpínlẹ̀ wa a máa wà lára àwọn tí aláìsàn rẹ̀ pọ̀ jùlọ ní Nàìjíríà, Ọ̀wọ̀ sì ni a ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Eku ni ó ń gbé e kiri. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń kó o sínú gààrí àti oúnjẹ tí a kò dé. Nígbà tí ó bá pa ènìyàn, kì í béèrè bóyá olùkírun ni. Tàbí kí a sọ ti àgbàdo àti ẹ̀pà tí ó bu. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ England láàárín oṣù díẹ̀, a kò sì mọ ohun tí ó pa wọ́n. Àwọn tí ń fi awò wo kòkòrò ni wọ́n wádìí rẹ̀ títí wọ́n fi bá a nínú ẹ̀pà tí a fi ṣe oúnjẹ wọn: májèlé ni, èbu kan tí a ń pè ní Aspergillus flavus ni ó ń pọ̀ ọ́ jáde, orúkọ májèlé náà sì ni aflatoxin. Májèlé yìí kan náà ni ó ń ba ẹ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Iná kì í tètè pa á. Bí a bá se àgbàdo náà tí a sì yan án, ó ṣì lè wà níbẹ̀. Ìyá tí ń ṣa ẹ̀pà tí ó bu kúrò lára èyí tí ó dára ń gba ẹ̀mí là, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ orúkọ èbu náà. Ẹni tí ó lọ kọ́ ọ ní yunifásítì, tí ó sì padà wá sọ ọ́ ní ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ṣé ẹni yẹn ni ó ń gbéraga?

Àáfà wa lè dáhùn pé kí àwọn ọkùnrin lọ kọ́ ọ. Ó dára. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ń rọbí, dókítà wo ni ó ń béèrè? Gbogbo wa ni a mọ̀. A ó dúró ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, a ó fajú ro, a ó ní obìnrin ni kí wọ́n wá fún wa. Níbo ni obìnrin náà yóò ti wá? Ọmọ tí ó bá wọlé kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn yóò lo ọdún mẹ́fà ó kéré tán, yóò ṣe iṣẹ́ ọdún kan lábẹ́ àwọn àgbà, yóò sìnrú ìlú. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí yóò sọ ọ́ di àgbà oníṣègùn aláboyún, ọdún mélòó kan sì ni ìyẹn tún ń gbà. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ orí tí ó ń ṣe èyí ni ọjọ́ orí tí a ń so yìgì, tí a ń bímọ. A kò fẹ́ kí ìyàwó wa ka oyè kejì, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ìyàwó ẹlòmíràn ti kà á kí ó lè gbẹ̀bí fún wa. N kò mọ orúkọ tí mo lè fún irú ẹ̀sìn báyìí.

Ẹ̀RÙ ÀWỌN BÀBÁ WA

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní fi àwọn bàbá wa ṣẹ̀sín. Nígbà tí àwọn ìjọ ajíhìnrere gbé ilé-ẹ̀kọ́ wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ilé-ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ọ̀kan náà. Ọmọ Mùsùlùmí tí ó wọ ibẹ̀ ní Súlè lè jáde ní Samuel. Bàbá tí ó kọ̀ láti fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò. Èyí ni ó fà á tí ìjọba Èkó fi dá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí ní ọdún 1896, lẹ́yìn tí Edward Blyden àti àwọn àgbà Mùsùlùmí Èkó ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ títí. Èyí náà ni ó bí Ansar-Ud-Deen ní ọdún 1923, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, a ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwa. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní Èkó, tí Lateef Adegbite wà níwájú wọn, dá MSSN sílẹ̀ kí ọmọ Mùsùlùmí má baà dá nìkan wà láàárín àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ pé kí a fi ìwé sílẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí a wá ọ̀nà tí a ó fi kà á tí ẹ̀sìn kò fi ní bọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa, Mùsùlùmí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní New York ní ọdún 1955. Láti ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. (Ó dùn mí títí di òní pé a kò tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni ìyẹn.) Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́, tí a ń pè ní FUTA, ìjọba àpapọ̀ ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1981. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ọmọ yí orúkọ rẹ̀ padà ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Obìnrin ni ó tilẹ̀ di ọ̀gá àgbà rẹ̀ ní ọdún 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adenike Oladiji, onímọ̀ báyòkẹ́mísìrì, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jókòó sí ipò náà. Ẹ̀rù tí ó ba bàbá wa ní 1900 ní ìdí. Èyí tí ó ń ba àáfà wa lónìí, ìdí wo ni ó ní?

ÀWO KÒ MỌ̀ PÉ ỌMỌ Ń ṢÀÌSÀN

N kò ní parọ́ fún yín pé ó rọrùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gba ọ̀dọ́ níyànjú láti kàwé kò tíì ṣe é rí lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti ní ilé àti ọmọ.

Ní ọdún 2018 ni mo wọlé láti ka Másításì nínú ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí. Olùkọ́ ni mo jẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Oǹdó. Bí a bá ti jáde ní ọ̀sán, n óò kírun Àílà, n óò sáré lọ sí ibùdókọ̀. Bí àádọ́ta kìlómítà ni Oǹdó sí Àkúrẹ́. Ọkọ̀ yóò kọjá Bọ́lọ́rundúró, yóò kọjá Ọ̀wẹnà, bí ọ̀nà bá sì dára n óò bá ìrun Àlásàrì ní Àkúrẹ́. Ẹni tí ó ń ka ìtàn tàbí òfin lè pa ìwé rẹ̀ dé ní alẹ́, kí ó ṣí i ní ọjọ́ kẹta (àwọn tí ń ka òfin yóò bínú sí mi, kí wọ́n dákun). Sáyẹ́ǹsì kò gbà bẹ́ẹ̀. A ó po oúnjẹ tí kòkòrò yóò jẹ, a ó sè é nínú ìkòkò onípá ní ìwọ̀n ooru 121 fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ohun alààyè kan má baà kù nínú rẹ̀, a ó dà á sínú àwo pẹlẹbẹ, a ó gbin kòkòrò sí i. Bakitéríà yóò hù láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Èbu lè gba ọjọ́ márùn-ún sí méje. Bí wákàtí rẹ̀ bá pé tí o kò sí níbẹ̀ láti kà á, èkejì yóò bo èkíní mọ́lẹ̀, o ó sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwo kò mọ̀ pé ọmọ rẹ ní ibà. Kò mọ̀ pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ pe ìpàdé. Ọ̀pọ̀ alẹ́ ni mo sùn sórí bẹ́ǹṣì, tí mo kírun Àsùbá nínú kọ̀ǹkọ̀ yàrá kan, tí mo sì wọ ọkọ̀ padà sí Oǹdó kí aago iṣẹ́ tó lù.

Ní March 2020 ni ASUU da iṣẹ́ sílẹ̀, àrùn Kòrónà sì gbá a lẹ́yìn. December kí wọ́n tó padà. Ní February 14, 2022 wọ́n tún da iṣẹ́ sílẹ̀, ó di October 14. Bí oṣù mẹ́tàdínlógún ni ìyẹn. N kò bá àwọn olùkọ́ jà, mo mọ ohun tí owó oṣù ń ṣe lójú olùkọ́. Ṣùgbọ́n nínú wa tí a jọ wọlé, àwọn kan kò padà mọ́. Ọ̀kan ti ń ta fóònù, òmíràn ti sọdá òkun.

Ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé èmi náà padà kì í ṣe ASUU. Ní ọdún 2021 ni, iná mọ̀nàmọ́ná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin ní yàrá ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Àwọn èbu tí mo ti ń yọ lára kókó gbígbẹ fún oṣù méjì wà nínú fíríìjì. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn ni ó kọ́kọ́ pàdé mi. Gbogbo rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ra. Mo padà sí Oǹdó ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún ìyá àwọn ọmọ mi pé ó parí, pé n kò lọ mọ́. Ó ń fún ọmọ wa kékeré lọ́mú. Kò sọ̀rọ̀ títí ọmọ fi sùn. Ó wá ní: “Bàbá wọn, ṣé ìmọ̀ tí ẹ ní ni ó bàjẹ́ ni, àbí àwo?” Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó bi mí nìyẹn. Ní ọjọ́ Ajé mo padà lọ.

Láàárín ọdún tí mo ń sùn sórí bẹ́ǹṣì yìí, ta ni ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn? Ta ni ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ nínú owó oṣù tirẹ̀, nítorí pé tèmi ti wọ inú ọkọ̀ àti kẹ́míkà? Obìnrin tí ó ní dígírì nínú ìmọ̀ báyọ́lọ́jì bí èmi ni. Nígbà tí mo wá gba oyè tèmi tán, tí ó ní òun náà fẹ́ lọ gba fọ́ọ̀mù, mo ní kí àwọn ọmọ dàgbà díẹ̀ sí i. Mo ní ta ni yóò máa se oúnjẹ? Mo ní àwọn ènìyàn yóò máa sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ó dáa.” Kò jà. Ìbá ṣe pé ó jà, ìbá sàn fún mi ní ọjọ́ yìgì náà.

OHUN TÍ SUNNA SỌ NÍPA IṢẸ́ ILÉ

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Mẹ̀dínà. A gbà á wá nínú àkójọpọ̀ Bukhari pé Umar ọmọ Khattab àti aládùúgbò rẹ̀ kan nínú àwọn Ansari ń gbé ní òkè ìlú, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n pín in. Lónìí Umar yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ànábì, yóò gbọ́ ìmọ̀ tuntun, yóò gbé e padà wá fún ẹnìkejì rẹ̀. Lọ́la ẹnìkejì yóò lọ, Umar yóò dúró ti iṣẹ́. Umar ni o, ẹni tí ó padà di ìkejì nínú àwọn aṣáájú lẹ́yìn Ànábì! Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìmọ̀, kò sì fi ìmọ̀ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́. Bí aládùúgbò méjì bá lè pín in bẹ́ẹ̀, kí ni ó dí tọkọtaya tí wọ́n ń sùn sórí ẹní kan náà lọ́wọ́?

Nínú àkójọpọ̀ yẹn kan náà ni a ti kà pé àwọn obìnrin wá sọ́dọ̀ Ànábì, wọ́n ní àwọn ọkùnrin ti gba gbogbo àsìkò rẹ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́, kí ó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn. Kò pè wọ́n ní agbéraga. Ó yan ọjọ́ fún wọn, ó sì pa á mọ́. Nígbà tí a sì bi ìyá wa Aisha léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé, ó ní iṣẹ́ ilé ni ó máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe, bí àkókò ìrun bá sì tó, yóò jáde lọ kírun. Àáfà tí ó wọn gígùn irùngbọ̀n wò nínú Sunna, tí ó wọn gígùn ṣòkòtò wò, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe fo èyí?

Mo ti ń se ẹ̀wà láti ọdún 2024. Ní ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ bá mi ní ilé ìdáná, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó wo ìgbálẹ̀ tí ó wà ní ọwọ́ mi, ó wo ìkòkò, ó ní ṣé kò sí nǹkan tí wọ́n fún mi jẹ? Mo ní kò sí, màámi. Mo ní ìyàwó mi wà ní Àkúrẹ́, ó ń ka kòkòrò tí ó wà nínú ògì. Màámi ní kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ kà nínú ògì. Mo ṣàlàyé fún wọn pé àwọn kòkòrò kan ni wọ́n ń mú ògì kan, pé nínú wọn ni èyí tí ó ń lé kòkòrò àrùn sá wà, àti pé ẹni tí ó bá mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè mú kí ògì tí a fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú túbọ̀ ṣe ọmọ ní àǹfààní. Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní ìyá tàwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé omi ògì ni wọ́n fi ń wo inú rírun. Wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi ọkùnrin ni kò tíì dárí jì mí.

IBI TÍ ÀÁFÀ TI SỌ ÒTÍTỌ́

Òtítọ́ kan wà nínú wáàsí náà, n kò sì ní bò ó. Àáfà ní ẹni tí ó bá fi ebi pa ará ilé rẹ̀ nítorí ìwé ti dẹ́ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí Salman bẹ Abu Darda wò, tí ó rí i pé ó ti gbàgbé aya rẹ̀ nítorí aáwẹ̀ àti ìrun òru, ó sọ fún un pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Ànábì sì jẹ́rìí sí i pé òótọ́ ni Salman sọ. Bí a kò bá gbà kí ìjọsìn jẹ ẹ̀tọ́ aya, ṣé a ó wá gbà kí tísísì jẹ ẹ́? Mo mọ àwọn ọkùnrin tí wọ́n sá wọ Másításì nítorí pé ilé gbóná. Mo mọ àwọn tí wọ́n gba fọ́ọ̀mù nítorí pé iṣẹ́ kò sí, tí wọn kò sì ní ìfẹ́ sí ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́. Mo sì mọ àwọn kan, kí Ọlọ́hun ṣàánú wa, tí wọ́n sanwó fún ẹlòmíràn kí ó bá wọn kọ ìwé ìwádìí wọn, tí wọ́n sì ń fi oyè náà jẹun. Owó oṣù tí irú oyè bẹ́ẹ̀ ń mú wá, ẹ bi àáfà léèrè irú oúnjẹ tí ó jẹ́. Níbi èyí, èmi àti òun yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n àáfà kò sọ èyí fún ọkọ ìyàwó. Ìyàwó nìkan ni ó kọjú sí.

Àwa ẹgbẹ́ náà ńkọ́? Lọ́dọọdún a ń dá owó fún àtẹ̀jáde ńlá tí a ń gbé kọ́ sí orígun ọ̀nà nígbà tí Ràmàdáànì bá ń bọ̀, àwòrán àwọn olórí wa á sì wà lórí rẹ̀. Ìgbà wo ni a dá owó fún arábìnrin tí kò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún kejì? Láti May 29, 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ nìkan tó láti lé akẹ́kọ̀ọ́ padà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ni wọ́n gbà pé a lè fún aláìní tí ń wá ìmọ̀ tí ó wúlò ní owó sàká. A ní gbọ̀ngàn ní ẹ̀yìn mọ́sálásí, ní títì ni ó wà láti Àìkú dé Àìkú. Bí àwọn ìyá alásàlátù méjì bá lè jókòó sínú rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kí wọ́n máa bójú tó ọmọ àwọn tí ó lọ sí yàrá ìwádìí, iye kékeré ni yóò ná wa. Mo ti kọ lẹ́tà lórí rẹ̀ sí ìgbìmọ̀ ìgbà méjì. Èsì tí mo gbà ni pé wọ́n ti rí i.

Ìyàwó tuntun ọjọ́ náà ṣì wà ní Oǹdó. Ó ti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sún ìgbàwọlé rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sì mọ̀ pé kì í wà láàyè títí. Mo ti lọ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọlúwàbí ni, ó gbọ́ mi tán, ó ní òun ń rò ó, ó sì ní ọ̀rọ̀ àáfà ni ó wúwo lọ́kàn òun. Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí kí ó wà ní àkọsílẹ̀, kí òun àti àáfà lè jùmọ̀ kà á, kí àáfà sì dá mi lóhùn nínú ìwé yìí kan náà bí mo bá ti ṣi ẹ̀sìn sọ. N óò ka èsì rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí ó má pẹ́ ṣá. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ tuntun kò ní dúró de èmi àti òun.